Ọpẹ́ Ìkórè Ọládiípọ̀

Ìgbà mẹ́fà ni Ọládiípọ̀ lọ sin owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ Bánkọ́lé, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìkíni lé e padà sílé.

Ìkíni kẹ̀?

Ìkíni ni!

Ọdún kan kí a tó gba òmìnira lèyí. Ọládiípọ̀ ló ń po fúláwà nílé búrẹ́dì Bàbá Ìjọ ní Ìkọ̀lé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi pò ó, títí apá rẹ̀ méjèèjì fi le bí ọmọ odó. Àfi bí Bàbá Ìjọ ṣe ra ẹ̀rọ kan láti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tó sì ní kí Ọládiípọ̀ máa lọ sílé. Ọládiípọ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó oṣù méjì tó kẹ́yìn, pọ́ùn márùn-ún géérégé, kò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ owó yẹn gan-an ló fẹ́ fi ra ẹrù ìdána Morìnsọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àwọn ará ilé ọmọ náà sì ti dá ọjọ́: Sátidé tó ṣáájú Kérésì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọládiípọ̀ á dé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ Èkìtì wo ni wọ́n kọ́ nílé tí yóò gbé ọ̀rọ̀ owó ka àgbà létí kí ìkíni tó parí? Bàbá Ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló dì mú.

"Ọládiípọ̀ ọmọ mi! Ará ulé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́, sà. Sà, mo ní kí n—"

"Ìyá rẹ àgbà tó wà ní Ìpáò ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú lọ́dún tó kọjá, sà."

"Ó mà ṣe o! O kú àṣẹ̀yìndè. Ewúrẹ́ wọn ńkọ́?"

Ewúrẹ́, ẹ̀yin èèyàn!

Bàbá Ìjọ á kí ewúrẹ́, á kí iṣu tó wà lóko, á kí òrùlé tó ń jò. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó kí eṣinṣin tó bà lé Ọládiípọ̀ nímú ni dẹ́rẹ́bà á fun fèrè mọ́tò níta. Pọ́ọ̀! Pọ́ọ̀! Bàbá Ìjọ á kó sí mọ́tò, ó di Ìdó, ó ń lọ ta búrẹ́dì.

"A ó máa sọ̀rọ̀, ọmọ mi!"

Fìrììì! Eruku nìkan ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n kò pa Ọládiípọ̀.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò jẹ́ kó sinmi. Bàbá Ìjọ ló rà á fún ìjọ, wọ́n sì fín orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Bí wọ́n bá ti ń lù ú láràárọ̀, ohun tí Ọládiípọ̀ ń gbọ́ ni: Owó-mi-dà! Owó-mi-dà!

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọgbọ́n já lù ú lórí, gbàgà! Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, akọ̀wé ìjọ á máa pe èèyàn lórúkọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bá pè á bọ́ síwájú, á sọ ohun tó fi dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ já lu ọpẹ́. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé kò sí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n máa kọ́kọ́ kí.

Ó sáré lọ bá Morìnsọ́lá.

"N ó dójú tì í! Kí n tó padà débi ìjókòó mi, á ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ka owó mi sí mi lọ́wọ́ wéré."

"Tí ojú kò bá wá tì í ńkọ́?"

"Níṣojú gbogbo ìjọ? Ìwọ ṣáà máa wò mí!"

Ọjọ́ ìkórè pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Òkìtì iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, àkùkọ ọrẹ ń kọ sí ìwàásù. Bàbá Ìjọ jókòó níwájú, agbádá rẹ̀ gba àga mẹ́ta. Bàbá Morìnsọ́lá, àgbẹ̀ ará ìlú Ààyè tó wá bá wọn ṣe ìkórè, jókòó lẹ́yìn.

"Ọládiípọ̀!" ni akọ̀wé pè.

Ọládiípọ̀ jáde lọ́wọ́ òfìfo. Gbogbo ọrùn nà bí ọrùn ògòǹgò.

"Mo fi pọ́ùn márùn-ún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Yéè! Ìjọ hó. Akọ̀wé mú gègé rẹ̀.

"Owó náà dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ, sà. Owó oṣù méjì mi tó kẹ́yìn ni."



Àkùkọ pàápàá panu mọ́.

Òógùn bo Bàbá Ìjọ. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó dìde. Ọládiípọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na apá sílẹ̀ kí wọ́n rí i fà dáadáa. Bàbá Ìjọ ń bọ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó kọjá lára rẹ̀!

Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó fa pọ́ùn kan yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i, ó sọ ọ́ sínú igbá ọrẹ.

"Ọ̀kan!" ni ìjọ ké.

Méjì! Mẹ́ta! Mẹ́rin! Nígbà tí yóò fi di ìkarùn-ún, àwọn ìyá ìjọ ti ń jó, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Owó tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ló wá gbọ́ àtẹ́wọ́ yìí!

"Olúwa yóò bùkún Bàbá Ìjọ wa!" ni àlùfáà wí. Akọ̀wé já rìsíìtì, orúkọ Bàbá Ìjọ ló kọ sí i.

"Èmi ńkọ́, sà?" ni Ọládiípọ̀ bi í.

"Ìwọ? Ìwọ ṣe Àmín."

Ọládiípọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ jáde bí ẹni tó ru gbogbo iṣu ìkórè. Gbà! Ẹnìkan dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Bàbá Morìnsọ́lá ni, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọmọ gidi! Àní odindi pọ́ùn márùn-ún! Bẹ́ẹ̀ èmi ti ń rò pé tálákà ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Àlàyé kí ni? Ṣebí ojú mi ló ṣe! Ìwé ẹrù ìdána tí a kọ fún ọ, a fi wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Ẹni tó ń fi pọ́ùn márùn-ún dúpẹ́, ṣé ogún iṣu la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ti sọ ọ́ di ogójì! Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn ti di méjìméjì!"

Lẹ́yìn bàbá rẹ̀, Morìnsọ́lá fi ìborùn bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ni o, bóyá ẹkún ni, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Láàárọ̀ kùtù Mọ́ńdè, Ọládiípọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ní kó máa yí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọládiípọ̀ ọmọ mi! O kú ìkórè! Ará ulé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Sà, iṣẹ́ ni mo—"

"Bàbá ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Gbẹ̀ẹ́! Ọládiípọ̀ bú sẹ́kún.

Àánú ṣe Bàbá Ìjọ. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ó mà ṣe o! Ìgbà wo ni wọ́n kú? Ewúrẹ́ wọn ńkọ́?"