Èèwọ̀ Àjẹ̀ Ọlábọ̀dé

Ẹjọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú omi dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀ ló sì tukọ̀ náà. Moríkẹ́ ni. Ọlábọ̀dé ọkọ rẹ̀, tó pè lẹ́jọ́, jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń jẹ gúgúrú bọ̀. Èjìká ń ro Moríkẹ́, inú sì ń bí i burúkú burúkú.

Ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Èmi ni mò ń yan ẹja, èmi náà ni mò ń tukọ̀ lọ sọ́jà Òde Ugbò. Bí mo bá ní kí Bàbá Rejoice yìí gbà mí, á ní èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ ni lóòótọ́," Ọlábọ̀dé dáhùn. "Ọkùnrin ìdílé wa kì í fọwọ́ kan àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀. Ikùn rẹ̀ á wú."

"Ìkòkò fífọ̀ ńkọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Èèwọ̀ ni, Bàbá."

"Àwọ̀n títún ṣe?"

"Ìyẹn tilẹ̀ burú jù!"

Wọ́n pe Hánà, ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé obìnrin.

"Irọ́ ló ń pa! Bàbá wa ló ń tukọ̀ fún ìyá wa títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Ikùn wọn kò wú rí."

Wọ́n pe Sunday, ọ̀rẹ́ Ọlábọ̀dé.

"Èèwọ̀ ni, Kábíyèsí. Ẹ ò rí i, lọ́sẹ̀ tó kọjá tó tukọ̀ gbé Beauty onígaàrí lọ sí Mólútẹ̀yìn, kò sóhun tó ṣe é, torí Beauty kì í ṣe ìyàwó rẹ̀."

Moríkẹ́ dìde. "Beauty wo?"

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹjọ́ ọ̀la nìyẹn. Ọlábọ̀dé, èèwọ̀ ni ohun téèyàn kì í ṣe, bó tilẹ̀ ń wù ú. Ìran tèmi kì í jẹ ẹja àrọ̀, bẹ́ẹ̀ itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí mo bá gbóòórùn rẹ̀. Dárúkọ ohun kan tó wù ọ́ tí èèwọ̀ rẹ gbà lọ́wọ́ rẹ."

Ọlábọ̀dé ronú títí. Kò rí ọ̀kan.

"Ó dáa. Èèwọ̀ rẹ kò tíì pé, a ó bá ọ parí rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í tukọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹja tí ìyàwó náà yan. Òkèlè púpurú àti ata lásán ni tìrẹ. Kò sì gbọdọ̀ jókòó nínú ọkọ̀ tí ìyàwó ń tù. Máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sílé."

Ọlábọ̀dé wo omi. "Kábíyèsí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ní èèwọ̀ yẹn."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, òun ló ń tukọ̀, òógùn bò ó. Moríkẹ́ na ẹsẹ̀ níwájú, ó ń jẹ gúgúrú tó ṣẹ́kù, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ìyá Rejoice, jọ̀ọ́, gbà mí díẹ̀."

"Háà, èèwọ̀! Máa tù ú lọ, kí o sì máa ròyìn Beauty fún mi."