Bí A Ṣe Yan Jùbrílù Bí Ẹja

"Àǹtí Àrìnpé! Kókó kan ti hù sí mi ní ìdí o!"

Ohùn Jùbrílù ọdẹ nìyẹn láti inú yàrá, ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan ní Ugbonla, ní ayé òyìnbó. Mo ń já igi ìdáná kúrò nínú ọkọ̀ níwájú ilé wọn. Igi bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi: jàbú!

Kí ló kàn mí kan ìdí Jùbrílù? Ó kàn mí gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ máa wá láti Awoye wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Wòsílátù ni orúkọ ìyá náà, oníṣòwò ẹja gbígbẹ. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ra ẹja lọ́wọ́ Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n Jùbrílù, ṣùgbọ́n kò fojú kan Jùbrílù rí, torí igbó ni ọkùnrin náà ń gbé ju ilé lọ. Ọkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ibà lónìí, ibà lọ́la. Ìyá wá búra pé òun kò ní fi Mùínátù, àbíkẹ́yìn òun, fún aláìsàn láéláé.

"Màá wo ojú rẹ̀, màá wo ahọ́n rẹ̀, màá wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, ọmọ mi ò lọ ibì kankan."

Ó ku ọjọ́ méjì, kókó wá hù ní ìdí!

Àrìnpé wọlé, mo tẹ̀lé e. Jùbrílù dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ọkùnrin tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun gbá ẹkùn létí rí ló ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Kókó náà rèé ní apá òsì, ó rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, ó tó hóró àgbàdo. Mo fi ìka kàn án.

Ó gbẹ́sẹ̀.

"Jùbrílù, kókó rẹ ní ẹsẹ̀ o."

"Ẹsẹ̀ mélòó?"

"Mi ò tíì kà á."

"Ọlálẹ́yẹ, kà á!"

Mo kà á. Mẹ́jọ.

"Yéè! Mo kú!"

Eégbọn ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jùbrílù fi jókòó sórí awọ ìgalà tútù nínú ahéré ọdẹ, lọ́hùn-ún ní igbó Ìkálẹ̀. Ìgalà kú, eégbọn wá ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ orí omi, kí la mọ̀ nípa eégbọn? Eṣúṣú la mọ̀. Bí eṣúṣú bá lẹ̀ mọ́ ọ, iyọ̀ ni.

"Ohun tó bá ti ń mu ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ ni oògùn rẹ̀," ni Àrìnpé wí. Ó bu iyọ̀, ó dà á lé e: wàrà!

Eégbọn kò mira.

Jùbrílù ló mira. Ó ti fi èékánná họ gbogbo àyíká ibẹ̀ bó. Ó fò sókè, orí rẹ̀ kọ lu igi àjà: gbì!

Àrìnpé ronú díẹ̀. "Èéfín ló kù. Kí ni kì í sá fún èéfín? Ẹ̀fọn ń sá, eṣinṣin ń sá, àlejò tí kò fẹ́ lọ ń sá."

"Àǹtí mi, ẹja lẹ máa ń yan. Ènìyàn ni mí."

"Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

Jùbrílù dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé èéfín.

Àjà ọparun ló wà níbẹ̀, iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹja tò lọ bẹẹrẹ lókè, wọ́n sì fi ẹní bo gbogbo rẹ̀ kí èéfín má bàa sá. Àrìnpé sún ọ̀bọ̀kún sọ́tùn-ún, ó sún ọ̀bọ̀kún sósì, ó na àbúrò rẹ̀ sáàárín wọn, ó dà á dojú bolẹ̀, ó ní kí ó yọ orí síta lójú fèrèsé kékeré ẹ̀yìn kí ó lè máa mí. Ó fi ẹní bò ó. Èmi ni mo ń fi èèpo àgbọn tútù sí iná. Èéfín náà ki dé ibi pé mi ò rí ọwọ́ ara mi.

"Àrìnpé! O kú iṣẹ́ o!"

Wòsílátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà!

"Ẹ... ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ní ẹ ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni ti ọkọ ọmọ. Tòní, ti ẹja ni."

Ẹni tó bá ń ra ẹja ní ilé èéfín kì í fi ojú rà á, torí ojú kò ríran níbẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń rà á. Á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní, á máa tẹ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ á le koko. Èyí tí kò gbẹ á rọ̀. Bí ìdọ̀tí bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, á já a dànù.

Ìyá ki ọwọ́ bọ ọ́. "Èyí gbẹ. Èyí náà gbẹ. Èyí..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àrìnpé, ọ̀bọ̀kún wo nìyí?"

"Ó... ó tóbi díẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó sanra o! Ṣùgbọ́n kò gbẹ." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò gbẹ rárá. Ó tún ń gbọ̀n."

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

"Èló ni?"

"Kì í ṣe títà, Ìyá. A fi í pamọ́ de ìgbéyàwó ni."

"Ìgbéyàwó ọmọ mi? Ẹ mà ṣeun o! Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nígbà náà."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ki etí aṣọ bọ ẹnu, omi ń da lójú mi pòròpòrò, bóyá ti ẹ̀rín ni o, bóyá ti èéfín ni.

"Kí ló wá lẹ̀ mọ́ ọn yìí? Àrìnpé, ṣé o ò fọ ẹja mọ́ ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, èékánná méjì ti wọ abẹ́ eégbọn níbi tó ti pàdé awọ gan-an. Ìyá kò lọ́ ọ, kò fún un. Ó fà á gbọọrọ: fẹ́ẹ́!

"YÉÈÈÈÈÈ!"

Ọ̀bọ̀kún ké!

Ẹní fò sókè. Ẹja mẹ́rìnlá fọ́n ká. Ohun kan dìde dúró nínú èéfín, ó dúdú, ó ń dán, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń wúkọ́ wùhù wùhù, ó sì fi ọ̀bọ̀kún kan bo iwájú ara rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni ohun náà wí.

Àna ni àna ń jẹ́. Jùbrílù ní òun gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí àjà.

Àjà wó: gbàràgàdà!

Wòsílátù fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó fi ẹ̀yìn rìn kọjá etí pákó, ó bọ́ sódò: jàbàlà! Mo bẹ́ tẹ̀lé e, mo fà á jáde. Èékánná rẹ̀ méjèèjì ṣì di eégbọn mú pinpin.

"Ta... ta nìyẹn?"

"Ọkọ Mùínátù ni, Ìyá."

Mo kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, mo wà á lọ bá Lawrence, ọkùnrin tó ń pín oògùn ìjọba. Ó wo eégbọn, ó wo ojú ibẹ̀.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni," ni Ìyá wí, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ pé. Ta ló da iyọ̀ sí i?"

Àrìnpé wo òkè.

"Ta ló fi èéfín sí i?"

Àrìnpé wo odò.

"Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi iná sí i. Bí ẹ bá dà á láàmú, ó lè pọ àìsàn inú rẹ̀ sínú ara yín. Ẹ dì í mú létí awọ, ẹ fà á gbọọrọ, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Kí ẹ wá máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ibà bá dé, tàbí ara rẹ̀ bá sú, ẹ gbé e wá kíá."

Ibà! Ìyá yíjú sí Jùbrílù. Ojú Jùbrílù ṣú.

"Kò sí ọjọ́ Jímọ̀ mọ́," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èmi gan-an ni màá ṣọ́ ọ."

Kò padà sí Awoye. Láràárọ̀ ló ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí Jùbrílù. Bí Jùbrílù bá wúkọ́, Ìyá á ní, "Ibà dé!" "Èéfín ni, Ìyá." Òórùn ẹja kò sì kúrò lára Jùbrílù. Ológbò Ugbonla kó wá síwájú ilé rẹ̀, wọ́n tò bí ẹni tó ń retí sàráà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá gbé ọwọ́ lé e, ó fò sẹ́yìn. Ara Jùbrílù gbóná janjan! Àrìnpé bú sẹ́kún. Ìyá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ òun wá, òun ń lọ, kò sí ìyàwó mọ́.

Mo fa Jùbrílù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Rárá. Orí òrùlé ni mo wà láti àárọ̀. Mo sá ara mi sóòrùn kí òórùn ẹja lè kúrò."

Mo bu omi lé e lórí, igbá mẹ́fà. Ìyá tún gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù. Wọ́n dá ọkọ̀ padà.

Ibà kò dé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé, ẹbí jókòó. Bàbá Sàláúdéènì tó jẹ́ àgbà ilé Jùbrílù wúkọ́ díẹ̀, ó ní: "Ìyá Mùínátù, ẹ ní ẹ máa yẹ ọkọ wò kí ẹ tó fọmọ fún un. Ṣé ẹ ti wo ojú rẹ̀?"

"Mi ò wo ojú."

"Ahọ́n rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò wo ahọ́n. Ọwọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

Ìyá wo Jùbrílù láti orí títí dé ibi tó fi jókòó.

"Ó sanra, kò sì ní àìsàn. Apá òsì nìkan ni kò tíì gbẹ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kí Mùínátù máa yan ìyókù nílé."