Ojú Ni Gbogbo Wa Ń Wò

Ilé-ìwé lé ọmọ mi wálé nítorí àrùn tí kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn lélẹ̀ ná, torí mo mọ̀ pé tí mo bá dé ibi tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ lè gbàgbé ẹni tó jẹ̀bi. Èmi ò gbàgbé. Kódà bí mo bá darúgbó títí tí n kò rántí orúkọ ara mi mọ́, mo ṣì máa rántí ọjọ́ ọ̀hún.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ti ń sín láti ìgbà tí eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo mọ́tò ní àdúgbò wa ní Surulérè. Imú ń ṣomi, ojú ń yún un, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á títí ó fi pọ́n bí ata rodo. Bó ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn, bó sì ṣe ṣe lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn náà. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń ṣe é, àfi àwa tá a bí i. Màmá mi ní òtútù ni, ká wọ súwẹ́tà fún un. Ìyá Dàmọ́lá tá a jọ ń gbélé ní aràn ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkòríta wa ò tiẹ̀ bèèrè ohunkóhun. Ó po oògùn aláràbarà sínú ọ̀rá kékeré, ó ní kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyàwó mi nìkan ló ń sọ pé, "Dádì Rẹ́nikẹ́, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa nǹkan báyìí."

Mo ní, "Nítorí ọ̀fìnkìn? Tí ọyẹ́ bá lọ, á lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ẹjọ́ àwọn olùkọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo wà níbi iṣẹ́ ní Yábà nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé pè mí lórí fóònù.

"Dádì Rẹ́nikẹ́, ẹ wá mú ọmọ yín kíákíá. Àpólò ti mú un."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ṣé ojú tó pọ́n báyìí tún ń fẹ́ àyẹ̀wò ni? Ẹ má jẹ́ kó kó o ran ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sì ra jígí dúdú dání o."

Kí n tó dé, wọ́n ti gbé àga ọmọ mi síta. Wọ́n ní kó kọjú sí ògiri kó má baà wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ, kò wọ́n omi sí i, gbogbo eruku náà sì ń fẹ́ sí Rẹ́nikẹ́ lójú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń pariwo "Àpólò! Àpólò!" àfi bí ẹni pé ọmọ mi gba ife-ẹ̀yẹ.

Ẹni tó bá dàgbà nílùú yìí mọ Àpólò: àrùn ojú pípọ́n tí wọ́n ní bó o bá ti wo ẹni tó ní in lójú báyìí, ó ti ràn ọ́ nìyẹn. Mo kàwé dé yunifásítì, mo mọ̀ pé àrùn kì í ti inú wíwò ranni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yàtọ̀ sí ìgboyà. Mo ra jígí dúdú méjì, mo fi ọ̀kan bo ojú Rẹ́nikẹ́, mo fi èkejì bo ojú ara mi.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Èmi tí mò ń wí yìí, jígí ni mo fi ń ríran. Láìsí i, n kò lè dá ewúrẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ajá. Mo ti bọ́ ọ sápò kí jígí dúdú lè ráyè jókòó. Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà láti lọ ra oògùn ojú, bàìbàì ni mò ń rí gbogbo nǹkan. Mo bá gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ mi.

"Rẹ́nikẹ́, máa lọ níwájú. Tí kòtò bá wà, sọ fún mi."

"Dádì, kòtò."

"Mo ti rí i."

N kò rí i. Bàtà mi ẹ̀gbẹ́ kan kún fún omi gọ́tà. A tún ń lọ. Bá a ṣe dé abẹ́ bíríìjì, ìyá kan dúró níwájú wa.

"Háà, ọmọ dáadáa. Ọlọ́run á la ojú bàbá ẹ."

Rẹ́nikẹ́ tá a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà."

"Kí ni wọ́n fún ẹ?" Mo rọra bi í.

"Owó ni, Dádì."

Kí n tó mọ ohun tí màá wí, ọkùnrin kan tún ti ju tiẹ̀ sí i. "Bàbá, ẹ máa fàdúrà rántí wa o." Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, ohun tó jáde ni "Àmín." Alágbe kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òpó bá fi igbe ta: "Ẹ̀gbọ́n! Ibí yìí lónílé o! Ẹ lọ rí alága àwa alágbe ná kẹ́ ẹ tó máa tọrọ!"

Ìtìjú mú mi, mo ní ká yára. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń súfèé lẹ́yìn wa. Mo dúró kó lè kọjá. Súfèé náà ò kọjá. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, èjìká ọmọ mi ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ.

"Rẹ́nikẹ́, ṣé ìwọ lò ń ṣe báyẹn?"

"Àyà mi ni. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá sáré. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, Àǹtí máa ń ní kí n yé pariwo."

Ojú ni gbogbo wa ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tó tẹ́tí sí àyà. Ìgbà tí n kò ríran ni mo tó gbọ́ràn.

Mo já jígí dúdú dànù, mo gbé ọmọ mi kọ́rùn, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Ẹsẹ̀ mi kan ń ró ṣàpà-ṣàpà, ẹ̀rù ń bà mí débi pé n kò rántí fi jígí tó wà nínú àpò mi sójú. Wọ́n fi ìbòmú oògùn sí Rẹ́nikẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí súfèé àyà rẹ̀ fi dákẹ́. Nígbà tó ní ebi ń pa òun, ńṣe ni omi bọ́ lójú mi, nọ́ọ̀sì kan sì ń wo bí ojú mi ṣe pọ́n. "Sà," ó ní, "àbí Àpólò ti mú yín ni?"

Ilé ìwòsàn yẹn ló darí wa sọ́dọ̀ dókítà tó kọ́ṣẹ́ mọ́ àìsàn báyìí gan-an. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó gbọ́ tẹnu wa tán, ó yẹ ọmọ wò, ó ní kì í ṣe Àpólò, kì í ṣe aràn, kì í ṣe òtútù. Eruku ọyẹ́ ni ara rẹ̀ ò gbà.

"Tó bá jẹ́ imú àti ojú lásán, tí oògùn sì ń kápá rẹ̀, ẹ lè ní sùúrù," ó wí. "Ṣùgbọ́n tó bá ń padà wá lọ́dọọdún, tí oògùn ò ràn án, tí kì í jẹ́ kó sùn dáadáa tàbí kó lọ síléèwé, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Tí àyà bá wá ń súfèé, ẹ má dúró rárá."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó kàn wò mí. Bó ṣe wò mí yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ọ̀tá mi bẹ́ẹ̀.

Rẹ́nikẹ́ ti ń lo oògùn tí wọ́n ń fín símú àti èyí tó ń fà sẹ́nu. Ó ń sùn bí òkúta, ó sì ń sáré débi pé èmi ni àyà mi ń súfèé lẹ́yìn rẹ̀. A padà sábẹ́ bíríìjì, a kó owó yẹn fún alágbe tó sọ pé ibẹ̀ lónílé. Ó wo jígí mi, ó wo ojú mi.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ti là kíákíá báyìí? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Torí pé ọkàn mi ti balẹ̀ ni mo ṣe lè rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mo ti gbàgbé. Ilé-ìwé gba ọmọ mi padà láìbẹ̀ ẹ́, láìbẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí mò ń bá wí, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló fún yín láṣẹ láti máa pe orúkọ àrùn mọ́ ọmọ lórí? Kí ló dé tẹ́ ẹ gbọ́ súfèé láyà ọmọ, tẹ́ ẹ pè é ní ariwo? Èyí tó wá rọrùn jù: kí ló ṣòro nínú kéèyàn wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀? Mò ń retí èsì yín, jígí tí mo fi ń ríran ló sì wà lójú mi báyìí o.