Ohun Tó Wo Orúnkún Bàbá Ṣówándé Sàn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín tó mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ìfura loògùn àgbà? Ẹ máa ń sọ ọ́, mo máa ń gbọ́. Bí ẹ bá ti rí àjèjì lẹ́nu ọ̀nà báyìí, òun lẹ ó fi bọnu. Ẹ rò pé wọ́n kàn fi dárà ni. Rárá o. Oògùn ni ní tòótọ́, orúnkún ló sì kọ́kọ́ wò sàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kí ẹ tó lọ gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní ìlú Ìdí-Àpáta, ẹgbẹ́ olórin róòkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ààrá Ọ̀sán. Gìtá mẹ́ta ni wọ́n ní, pẹ̀lú ìlù ńlá aláwo idẹ, àti ohùn Ládẹ̀jọ, olórí wọn, tó máa ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àwọn olólùfẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, alága wọn sì ni Bàbá Ṣówándé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Láti orí ibùsùn dé orí àga, gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ àwo orin tuntun, wọ́n sì ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé orin dára tàbí kò dára àfi bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àtàǹpàkò yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹsẹ̀ ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń ba Bàbá lọ́kàn jẹ́. Mofólúwakẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Kàdúná, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbé e lọ, nítorí ẹni tí kò lè rìn kò yẹ kó máa dá gbé. Bàbá kò fẹ́ lọ. Ó ní ta lòun fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ Ààrá Ọ̀sán ní Kàdúná? Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi jiyàn? Kò sí ẹsẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àwo tuntun dé. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Gìtá kò dún. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ẹ̀rọ ìlọta tó ń lọ ata. Lẹ́yìn náà, ewúrẹ́ kan ké. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, páànù kan sì já bọ́. Àtàǹpàkò Bàbá gbéra sókè, ó ń wá ibi tí yóò balẹ̀ sí, kò rí. Òkè ló wà títí orin fi parí.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Kòyejọ télọ̀ ní ọgbọ́n tuntun ni, pé bí ayé bá ṣe ń lọ là ń bá a lọ, ẹni tó bá fẹ́ orin àná kó lọ gbọ́ àwo àná. Sàbítíyù tó ń ta bàtà bi í pé ọgbọ́n wo ló wà nínú ewúrẹ́. Ó ní òun náà ń sin ewúrẹ́ nílé, kò sì tíì sí èyí tó di olórin nínú wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìjàkadì kí wọ́n tó rántí pé alága wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá ní kó dájọ́.

Bàbá kò dájọ́. Ó fún ojú pọ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ò bi ara yín léèrè ibi tí gìtá wà?"

Kò sẹ́ni tó ti rò ó débẹ̀. Bàbá ní òun ń fura pé wọ́n ti ta gìtá. Ilé Ládẹ̀jọ kọjú sí ti Bàbá, inú sì bí Bàbá débi pé ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó yọjú. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé ó rìn. Òun gan-an kò mọ̀.

Kí ló rí? Ládẹ̀jọ ló rí, tó gbé àpò kan lé èjìká, nǹkan ń tapá nínú rẹ̀, tó forí lé sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ tí wọ́n ti máa ń dánrawò. Àpò tí nǹkan ń tapá nínú rẹ̀! Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tòótọ́, ṣé ẹ ò ní fura?

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó di ògiri mú dé ojú títì, ó sì gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Sàbítíyù wá sọ fún un pé òun gbọ́ fìrìfìrì pé ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè ló ra gìtá náà. Bàbá gun òkè. Wòlíì ibẹ̀ rò pé ìwòsàn ló bá wá, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un. Bàbá ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò di ojú, abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì ló ń wò. Kò rí gìtá. Ìyẹn ló wá mú kó dá a lójú jù pé wọ́n ti kó o pamọ́.

Ọjọ́ tí Mofólúwakẹ́ ń bọ̀ gan-an ni Bàbá pinnu pé bí wọn yóò tilẹ̀ gbé òun kúrò nílùú, òun á ti mọ òótọ́. Ó gba ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ kòkó, ó rí àkàbà tí àwọn káfíńtà fi sílẹ̀, ó gùn ún, ó wọ inú àjà, ó rá pálá dé ibi ihò kan, ó fojú sí i. Ẹ má gbàgbé pé ọkùnrin tí wọ́n ń gbé láti ibùsùn dé àga là ń sọ yìí.

Gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n fi wọ́n kọ́ ara ògiri. Ládẹ̀jọ tú àpò, ewúrẹ́ jáde. Wọ́n gbé makirofóònù sí i lẹ́nu, gbogbo wọn sì dúró kó sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ kò sọ̀rọ̀. Lókè, Bàbá náà ń dúró. Ó ní ohun kan ń bẹ tí ewúrẹ́ yìí mọ̀ tí kò fẹ́ sọ. Ó sún síwájú díẹ̀ kí ó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Bàbá ń fura, ṣùgbọ́n àjà ò fura ní tirẹ̀. Àjà jìn.

Bàbá já lu ìlù ńlá, àwo idẹ fò kọlu ògiri, gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já bọ́ pẹ̀lú igbe. Ewúrẹ́ tó ti yadi láti àárọ̀ ké gbogbo igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò sóde pẹ̀lú wáyà makirofóònù lọ́rùn. Bàbá dìde nínú eruku. Ó ní ẹlẹ́rìí ń sá lọ, ó sì gbá tọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ tó gbé Mofólúwakẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni. Ó ń bá dẹ́rẹ́bà sọ kẹ̀kẹ́ arọ tó rà fún bàbá rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí ewúrẹ́ kọjá. Lẹ́yìn ewúrẹ́ ni bàbá rẹ̀ kọjá, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, kò tilẹ̀ ráyè kí i. Lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ààrá Ọ̀sán. Lẹ́yìn wọn ni Kòyejọ àti Sàbítíyù, tí wọ́n ṣì ń jiyàn bí wọ́n ṣe ń sáré.

Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ni Mofólúwakẹ́ ti bá Bàbá, tó di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ náà kúnlẹ̀, omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, oògùn wo lẹ lò?"

"Èmi ò lo oògùn kankan," Bàbá wí. "Mo kàn ń fura ni."

Ládẹ̀jọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bẹ Bàbá pé kò sí ohun kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó ta gìtá, kò sẹ́ni tó rà wọ́n, orin àtijọ́ ló sú àwọn. Bàbá tún ẹsẹ̀ ewúrẹ́ dì mú.

"Ìyẹn gan-an ni mo ń fura sí."

Òfìfo ni kẹ̀kẹ́ arọ padà sí Kàdúná. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo obìnrin Ìdí-Àpáta tí ọkọ wọn ti darúgbó tó ń ráhùn ẹsẹ̀ ti mọ ohun tí wọn ó ṣe. Láàárọ̀, ìyàwó á lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á rọra ní, "Baálé mi, mo rí aládùúgbò wa tó ń wọn ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé." Kó tó wí tán, baálé ti wọ bàtà. Bí ara bá tún wúwo nírọ̀lẹ́, wọ́n á fún un ní òmíràn, pé ẹnì kan ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó ń ta òróró ìpara sí orúnkún kó ọjà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lásán ni, ẹ bi í bóyá orúnkún ti dùn ún rí. Ìfura loògùn àgbà. Àwọn káfíńtà tí wọ́n tún sítọ́ọ̀ kòkó ṣe ló fi ìyókù kún un: àjà ò fura, àjà jìn.