Ọ̀mọ̀wé Àròpọ̀-Nìkan àti Àwọn Ọmọ Kíláàsì Kejì

Bí ìgbéraga bá jẹ́ aṣọ, ọkùnrin tí à ń wí yìí ì bá ti kú sínú ooru. Ọ̀mọ̀wé ni, olùkọ́ àwọn olùkọ́, olùwádìí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò. Bó bá fẹ́ wọ yàrá, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, oyè rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá yọjú nígbà tó bá rí i pé gbogbo ènìyàn ti dìde.

"Ẹ rọra," ni yóò wí, "orí tó ru ìṣirò gbogbo ayé ló ń kọjá yìí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àròpọ̀-Nìkan. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó rò pé ìyìn ni. Kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọwọ́ òun mọ gbígbà, kò mọ yíyọ sílẹ̀. Bí ẹ bá bá a jẹ ẹ̀pà, èèpo ni yóò kàn yín.

Ní ọdún náà, Àròpọ̀-Nìkan kọ ìwé kan lórí àyọkúrò, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Ọmọ kíláàsì karùn-ún nìkan ló lè gbé e láìṣubú. Báwo ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yóò ṣe rà á, nígbà tó jẹ́ pé láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ àyọkúrò? Bàbá bá ṣe ìwádìí. Àbájáde ló kọ́kọ́ kọ: "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án kò lè mọ àyọkúrò láéláé." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá àwọn ọmọ tí yóò fi ṣe ìwádìí lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló lọ. Agogo ìsinmi ti lù, ebi ń pa àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ojú wọn wà lójú fèrèsé. Ìgbà yẹn gan-an ló bi wọ́n pé, "Bí a bá mú iye kejì kúrò lára iye àkọ́kọ́, kí ni yóò jẹ́ ìyókù?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó kọ òdo fún gbogbo wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni tíṣà wọn wí, "àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi òkúta wẹ́wẹ́ bi wọ́n."

"Òkúta kì í ṣe ìmọ̀, Tíṣà."

"Bí wọ́n bá wá sún àyọkúrò di kíláàsì karùn-ún, kí ni n ó máa kọ́ wọn títí dìgbà náà?"

"Ẹ máa kọ́ wọn lórin."

Ọjọ́ àfihàn ìwádìí náà pé. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti òbí kún gbọ̀ngàn bámúbámú. Ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, ìyá kan tó wọ awò ojú, jókòó síwájú. Bó bá ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ tí yóò sún àyọkúrò di kíláàsì karùn-ún báyìí, ó parí. Àròpọ̀-Nìkan kó mẹ́rin nínú àwọn ọmọ kíláàsì kejì náà sórí pèpéle, ó kọ 7 àti 3 sára pátákó.

"Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méje àti mẹ́ta?"

Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká wo pátákó títí. "Méje ní ọrùn, sà. Mẹ́ta ní ikùn méjì."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i bí!" ni Àròpọ̀-Nìkan ń pariwo. Ìyá alábẹ̀wò ṣí ìdérí bírò. Tíṣà dorí kodò.

Ayọ̀ wá gun bàbá lórí ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, súùtì mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ bí ọwọ́ ṣe dé inú àpò kóòtù, ó rántí ẹni tó ni ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í há a bí ẹni tó ń há oògùn.

Ọmọbìnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó ku mẹ́rin, sà."

"Kí ló ku mẹ́rin?"

"Mẹ́wàá lẹ pè é. Mẹ́fà lẹ fún mi."

"Tèmi ku mẹ́ta!" ni ìkejì wí.

"Tèmi ku márùn-ún!"

"Ó ku mẹ́rin tèmi náà, sà!"

Máíkì ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn lọ. Irọ́ tó ti fi oṣù mẹ́jọ rìn, ọmọ kíláàsì kejì fi ẹsẹ̀ lásán lé e bá.

Ìyá alábẹ̀wò fi ìdérí dé bírò rẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé, mélòó ló wá ku lọ́wọ́ yín lápapọ̀?"

Àròpọ̀-Nìkan wo àjà. "Ẹ̀rọ ìṣirò mi wà nínú mọ́tò, mà."

"Mẹ́rìndínlógún!" ni ọmọbìnrin náà ké.

Tíṣà ti dìde lẹ́yìn. "Ẹ gbọ́ ohun tó pè é? Mẹ́rin dín ní ogún! Ọmọ tó lè pe nọ́ńbà yẹn ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kó tó pa ẹnu dé. Ẹnu wa gan-an ń ṣe àyọkúrò, wọ́n ní ọmọ wa ò lè ṣe é!"

Ìyá alábẹ̀wò fa ìwé àṣẹ náà ya sí méjì. "Láti kíláàsì kìíní la ó ti máa kọ́ ọ lọ. Ọ̀mọ̀wé, ẹ kó súùtì ọmọ ọlọ́mọ jáde."

Ó da àpò délẹ̀ lórí tábìlì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń bá a kà á: "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Wọ́n kà á dé ẹ̀ẹ́dógún, ó tán. Ó tú àpò kejì, òfìfo ni.

"Ó ti pé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu.

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn, ó gbójú sókè, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín."