Ọ̀dà tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí ní Pálọ̀ Akínladé

Qúdrát, ọmọ Bàrúwà, tí ń ta ọ̀dà lẹ́bàá gáréèjì Ayétòrò, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Kò lè sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ti dé ibi tí Bàbá Ojúọlá ti fọwọ́ gbá ògiri, yóò wá ibi jókòó, yóò fi ìborùn nu ojú, yóò ní, “Ẹ dúró ná, ẹ̀rín ń pa mí.”

Akínladé kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ìwé ní Kútọnu fún ọdún pípẹ́ kí ó tó padà wálé wá kọ́ ilé sí Ayétòrò. Ilé náà gún régé. Òrùlé kò jò, táìlì ń dán, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ògiri pálọ̀ nìkan ni wọn kò tí ì kùn ní ọ̀dà.

Ògiri yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ so mọ́.

Nítorí pé Bàbá Ojúọlá, àgbẹ̀ ní Ìjoun, tí ó bí Ọlámipọ̀ tí Akínladé fẹ́ fẹ́, ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

“Ilé tí wọn kò tí ì parí ni ẹ̀gbọ́n Ọlámipọ̀ wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò ní pẹ́ tán. Ọmọ tí ó bí síbẹ̀ ti ń wa tírélà ní Ìbèsè báyìí, páálí ṣì ni fèrèsé wọn. N kò tún ní mú ọmọ kankan wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ tí ilé ti parí, mú ìyàwó rẹ. Bí kò bá tí ì parí, a ó kàn máa kí ara wa lọ́nà.”

Ẹlòmíràn ìbá ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ìbá kùn ún kíákíá, ìbá sì gbéyàwó.

Akínladé kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ó ti rí pálọ̀ kan rí ní Kútọnu, ní ilé ọ̀gá iléèwé rẹ̀. Àwọ̀ ògiri ibẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bèèsì. Kò funfun, kò pupa, kò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó kàn rọra lọ́wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé, tí ó jókòó, tí ó sì gbàgbé láti jáde. Láti ọjọ́ náà ni Akínladé ti gbé àwọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹni gbé orúkọ olólùfẹ́.

Ó lọ bá Qúdrát ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé yẹ́lò ni ẹ fẹ́?”

“Rárá. Yẹ́lò ń pariwo.”

“Funfun ńkọ́?”

“Funfun tutù jù. Ọsibítù ni wọ́n ń kùn bẹ́ẹ̀.”

“Kí wá ni ẹ fẹ́?”

“Àwọ̀ tí kì í pariwo, tí ó sì lọ́wọ́ọ́rọ́. Fojú inú wo tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, tí wọ́n sì ti gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.”

Qúdrát wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Tíì tí ó ti tutù ni kí n pò fún yín, kí ògiri yín lè móoru?”

Ó pò ó. Akínladé gbé e lọ sílé, ó kùn díẹ̀ sára ògiri, ó gbé àga síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní ó ti pupa jù. Qúdrát tún un pò. Ó ní ti ọ̀tẹ̀ yìí ń ronú nípa yẹ́lò. Kí ó tó di pé ó yan èyí tí ó wù ú, ògiri pálọ̀ ti dà bí ara ajá tí lápálápá bò.

Ọlámipọ̀ pè é lórí fóònù.

“Ládé, ṣé ẹ ti kun ilé?”

“Mo ṣì ń tẹ́tí sí àwọn àwọ̀ náà.”

“Àwọ̀ ń sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń dákẹ́ ni. Èyí tí ó bá mọ ìdákẹ́ jù ni mo máa mú.”

Ọlámipọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bóyá kí ó lè wà lára àwọn tí ó máa mú.

Níkẹyìn, Málọmọ́ pẹ́ńtà gbé ròlá rẹ̀ dé. Wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, ó kun òkè, ó kun ìsàlẹ̀, ó kun kọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, Akínladé dúró láàárín pálọ̀, ó mí kanlẹ̀. Òun nìyí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti dé láti Kútọnu, ó ti jókòó.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rò. Bí a bá po iyanrìn odò ilẹ̀ Yewa mọ́ sìmẹ́ńtì, tí a fi rẹ́ ilé, tí a sì fi í sílẹ̀ kí eruku pupa ojú títì máa bà lé e, àwọ̀ yẹn gan-an ni ó ń ní. Gbogbo ilé tí olówó rẹ̀ sá fi sílẹ̀ láti Ayétòrò títí dé Ìjoun ni ó wà lára wọn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Akínladé ti lọ ra eruku.

Aládùúgbò rẹ̀, Abdulrauf, ni ó kọ́kọ́ yọjú. Ó gbójú sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tí ń wọ ilé tí kò tí ì parí lọ́dọ̀ wa tí yóò jáde láìṣe àdúrà.

“Iṣẹ́ ńlá. Olúwa á parí ẹ̀.”

“Ó ti parí,” ni Akínladé wí.

“Àmín, àṣẹ,” ni Abdulrauf dáhùn. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Gbọ́lá, àbúrò Bàbá Ojúọlá, yà láti Ìjoun. Ó ní ọjà ni òun wá ná. Kò gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ha, pílásítà yìí dán. Ta ni ó bá yín rẹ́ ẹ?”

“Màmá, ọ̀dà ni.”

“Mo mọ̀ pé ọ̀dà ni ó kù.”

“Kò kù. Òun ni ẹ ń wò yẹn.”

Ìyá Gbọ́lá yọ awò ojú rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó fi sójú, ó súnmọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Kí ni orúkọ àwọ̀ náà?”

“Bèèsì.”

“Hùn.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jábọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjoun. “Ilé dára, ọmọ náà sì ní ìwà. Ṣùgbọ́n nǹkan ti le fún un. Ó ti ń rí ọ̀dà níbi tí kò sí.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Akínladé, ó sáré lọ bá Málọmọ́. Málọmọ́ ní kí ó má bẹ̀rù, òun ní ọgbọ́n kan.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fa ìlà àwọ̀ ewé kan sí ìsàlẹ̀ ògiri yíká. Bí ojú wọn bá ti rí ewé, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀dà ni èyí tó kù náà.”

Akínladé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, kò rí àbùkù kan lára rẹ̀. Ó gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọjú sí fèrèsé nígbà tí wọ́n ń fà á. Fààà, ìlà ewé yí pálọ̀ ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abdulrauf yọjú.

“Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe àdúrà, àbí n kò ṣe é?”

Kò pẹ́, fóònù dún. Bàbá Ojúọlá ni.

“Mo gbọ́ pé o ti bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ kò wá ká a mọ́. Má dààmú. À ń bọ̀ ní Sátidé.”

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn wá wo…”

Kàá. Ó ti pa fóònù.

Àwa mọ̀ pé ọkọ ìyàwó ni ó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ẹnikẹ́ni kò tí ì gbọ́ ọ rí pé àna kó ọ̀wẹ̀ wá bá ọkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà wọ ojú ilé Akínladé, gbìrìgbìrì, àwọn àgbẹ̀ Ìjoun sì ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, ròlá, àti gálọ́ọ̀nù ọ̀dà tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Àwọ̀ ewé ni. Irú ewé tí ń kí ènìyàn láti òdìkejì títì.

“Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n ilé ti parí.”

“Ọmọ mi, kò sí ìtìjú níbẹ̀.”

“Ọ̀dà wà lára rẹ̀, Bàbá. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Bàbá Ojúọlá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tí ó ti di ọkọ́ mú fún gbogbo ayé rẹ̀ sókè, ó gbá ògiri.

GBÀÀ.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́. Kò sí eruku níbẹ̀. Ọkàn Akínladé fò sókè.

Bàbá na ọwọ́ náà sí àwọn ènìyàn rẹ̀. “Ẹ wò ó. Kò tilẹ̀ yọ̀ǹda eruku. Sìmẹ́ńtì gidi ni ọmọ yìí lò.”

Ni Akínladé bá ránṣẹ́ pe Qúdrát kí ó wá jẹ́rìí.

“Bàbá, lóòótọ́ ni,” ni Qúdrát wí. “Èmi ni mo po ọ̀dà náà.”

“Irú àwọ̀ wo?”

Qúdrát wo ògiri. Ó wo Akínladé. Ó tún wo ògiri.

“Àwọ̀… tí kì í pariwo.”

“Mo ti gbọ́,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó bá wọn kẹ́dùn. “Ìwọ náà ń ràn án lọ́wọ́. O ṣeun.”

Ọlámipọ̀, tí ó bá wọn wọkọ̀ wá, fa Akínladé sí kọ̀rọ̀.

“Ládé, èmi rí àwọ̀ yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni ẹ fẹ́ fi ṣaya, àbí ògiri?”

Akínladé wo ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, Ọlámipọ̀ sì rí i.

Akínladé gba ròlá.

Àwọn àgbẹ̀ Ìjoun kun pálọ̀ náà bí ẹni ro oko tí òjò ń lé bọ̀. Wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, gbàgà, ẹnìkan jábọ́ lórí àkàbà, ó dìde, ó ń kùn lọ. Ohun kan péré ni Akínladé bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fi ibi kékeré kan sílẹ̀ fún òun lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ju ẹnu àwo lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá Ojúọlá dúró láàárín pálọ̀. Ewé náà tàn sí fìlà rẹ̀, ó tàn sí eyín rẹ̀.

“Báyìí ni ilé ṣe ń parí. Akínladé, mú ìyàwó rẹ. Ẹ ti ilẹ̀kùn kí a gbàdúrà.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ojú Bàbá lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn. Ó wo ibi kékeré náà pẹ́, ó yíjú sí àna rẹ̀, àánú sì kún ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

“Mo ti sọ̀rọ̀, n kò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ó ku díẹ̀. Olúwa á parí ẹ̀.”

Sátidé ni, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún, gẹ́gẹ́ bí Qúdrát ti kà wọ́n fún mi, ni ó wà nínú pálọ̀ náà bí a bá ka ọkọ ìyàwó mọ́ wọn. Mẹ́rìndínlógún ṣe àmín.