Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin

Bí ẹ bá rí Habibullah lágbègbè Ọjà-Ọba, ẹ má pè é ní Habibullah o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Ọba Láátìnì, awọkóòtù-nínú-oòrùn, asọ̀rọ̀-kí-wọ́n-má-gbọ̀ọ́!

Ọjọ́ kẹrin rèé tí yunifásítì kan gbà á síṣẹ́ lẹ́ka òfin. Ipò tó kéré jù ni wọ́n fi í sí: kó máa kọ orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì, kó sì máa wo bí àwọn àgbà ṣe ń kọ́ni. Àmọ́ kílẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú, ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá sọ fún àdúgbò. Àdúgbò gbé e dé etí Alfa Abdulmumini, bàbá Ruqoyyah, ọmọbìnrin tí Habibullah fẹ́ fi ṣaya.

Inú Alfa dùn ṣìnkìn. "N óò wá gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ lọ́jọ́ Àtàláátà."

Ẹnu Habibullah ò gbà kó sòótọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Zahrah, ní ìpàdé lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá yìí ti ní kó kàn kọ orúkọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa kàwé de òun. Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a dilé èkúté. Èkúté tiwa tún wọ táì.

Nígbà tí Àtàláátà dé, Alfa jókòó síwájú kíláàsì pẹ̀lú láwàní funfun. Habibullah kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó, ó wúkọ́.

"Nemo dat quod non habet!"

"Àmín," ni Alfa wí. Ó rò pé àdúrà ni.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè fúnni ní ohun tí kò ní."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Favour, nawọ́ sókè. "Sà, bí mo bá ra ọ̀kadà ní Òkè-Oyi, tí mi ò mọ̀ pé ẹni tó tà á fún mi jí i ni, ta ló ni ín?"

Habibullah tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Ìbéèrè yẹn… ó ga ju ìpele yín lọ."

"Ó ga kẹ̀?" ni Alfa wí. "Olè ò ní in. Kí ló rí tà?"

Ibẹ̀ ni Dókítà Zahrah wọlé. Wọ́n ti sún ìpàdé síwájú. Alfa dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra jókòó sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ni lọ́wọ́."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wo?" Ó yíjú. "Habibullah, ìwé orúkọ tí mo ní kóo kọ dà?"

"Mà… mo ṣì fẹ́…"

Favour tún nawọ́. "Mà, òfin 'Nemo dat' tí wọ́n kọ́ wa yẹn, ṣé ó kan oyè ọ̀jọ̀gbọ́n náà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òfin tí ó gbé kalẹ̀ di ọ̀fìn, òun ló sì kọ́kọ́ já sí i.

Dókítà Zahrah ò bú u. Ó kàn gba mákà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu orúkọ ojú pátákó nù, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Habibullah dúró gbagidi, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Alfa sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Ogún ọdún ni mo fi ké kéwú kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni."

Habibullah jókòó. Bírò tó fi kọ̀wé lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Favour ló ti tọrọ rẹ̀.